Ọ̀rọ̀ Ọ̀tẹ̀ àti Ọ̀rọ̀ Òtítọ́
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé oṣooṣù ẹgbẹ́)

 

Ọ̀ràn tí ó kó wa jọ kò ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú yín. Ní ìpàdé oṣù tí ó kọjá, a ka ìwé àbá kan sí etígbọ̀ọ́ gbogbo wa, pé kí ẹgbẹ́ yìí lọ bẹ ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ wa kí wọn ṣe òfin tí yóò fi ìyà jẹ ẹnikẹ́ni tí ó bá sọ, tàbí tí ó bá kọ, ọ̀rọ̀ tí ó lè mú kí àwọn ará ìlú kórìíra ìjòyè wọn tàbí kí wọn fi ojú ẹ̀gàn wò wọ́n. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí ó bí àbá náà. Àwọn ọ̀dọ́ kan sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ wọn lórí ọ̀ràn ilẹ̀ ọjà, ohùn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì, títí ó fi dé etí àwọn ọmọ wa ní Lọ́ńdọ̀n kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Èébú wà nínú ohùn náà. Ìbéèrè nípa owó pẹ̀lú wà nínú rẹ̀. A bẹ̀ yín kí ẹ fi méjèèjì yìí sí ọkàn, èébú àti ìbéèrè, nítorí pé àwọn ni a óo máa bá rìn ní gbogbo alẹ́ yìí.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ní kí àwa, tí ó ti pẹ́ tí a ti ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́ ní ìtàn, wá sọ ibi tí irú òfin bẹ́ẹ̀ ti wá. A mú ìwé àbá náà lọ sí ilé, a kà á lẹ́ẹ̀kan, a tún un kà, àyà wa sì já. Ẹni tí ó kọ ọ́, láì mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni òun ń ṣe, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ da òfin kan kọ ní ọ̀rọ̀ dé ọ̀rọ̀: òfin tí àwọn òyìnbó ṣe ní Èkó ní 1909, tí àwọn bàbá wa fi gbogbo agbára wọn dojú kọ.

Kí a tó dé Èkó, ẹ jẹ́ kí a mú ohun kan kúrò lójú ọ̀nà. Àwọn kan nínú wa a máa wí pé àṣà Yorùbá ni pé kí ọmọ ìlú má la ẹnu sí àwọn tí ń ṣe àkóso rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Àwọn àgbà ni ó wí pé ọba kì í pa òkorin. Ní Ìbàdàn, bí ọjọ́ ọdún Òkè-Ìbàdàn bá pé, kò sí ẹni tí ó ga ju kí a fi í kọrin lọ. Ní Kétu àti ní ilẹ̀ àwọn tí a ń pè ní Ẹ̀gbádò nígbà náà, ní òru Ẹ̀fẹ̀, kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jáde ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, akọrin a bọ́ sí gbangba, a tú àṣírí ẹni tí ó hùwà àìtọ́ níwájú ìlú, ìbáà jẹ́ ìjòyè ni, kò sì sí ẹni tí yóò gbé ọwọ́ sókè sí i. Ní Ọ̀yọ́, àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń sọ fún Aláàfin pé ìlú kọ̀ ọ́, ìjókòó ọba náà sì parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe tan ara wa jẹ. Ọjọ́ kan nínú ọdún ni àyè Òkè-Ìbàdàn, ẹnu ẹni kan ni àyè Ẹ̀fẹ̀, nígbà Orò sì ni àwọn obìnrin ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ara wọn. A kò sọ èyí láti fi yin ayé àtijọ́ ju bí ó ti yẹ lọ. A sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà gbé òfin àjèjì wá bá wa kí ó sì da aṣọ ìbílẹ̀ bò ó.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ti bí òfin ọ̀rọ̀ ọ̀tẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún, ilé ẹjọ́ kan wà níbẹ̀ tí a ń pè ní Star Chamber, tí ó ṣe ìdájọ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá kọ ohun tí ó bu àwọn aláṣẹ kù, kò sí àǹfààní fún un láti wí pé òtítọ́ ni òun kọ. Àwọn agbẹjọ́rò wọn tilẹ̀ wá ń pa á ní òwe níkẹyìn pé bí òtítọ́ inú ọ̀rọ̀ bá ti tóbi tó ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ń tóbi tó, nítorí pé òtítọ́ ni ó ń mú kí ènìyàn bínú sí ìjọba jù. Ní 1637, wọ́n gé etí ọkùnrin mẹ́ta ní gbangba ní Westminster nítorí ìwé tí wọ́n kọ: agbẹjọ́rò kan, Prynne, oníṣègùn kan, Bastwick, àti àlùfáà kan, Burton. Ti Prynne ni ó burú jù, nítorí pé wọ́n ti gé etí rẹ̀ ní 1634. Kùkùté rẹ̀ ni wọ́n padà wá gé. Àwa tí a jẹ́ àlùfáà kì í ka ìtàn Burton kí a má fi ọwọ́ kan etí wa.

Ní 1688, òfin yìí kan náà ni Ọba James Kejì fi mú bíṣọ́ọ̀bù méje. Kí ni wọ́n ṣe? Ìwé ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n mú lọ bá ọba, pé kí ó má ṣe fi agbára mú àwọn láti ka ìkéde kan nínú ìjọ, nítorí pé kò bá òfin mu. Ọba ní ìwé ọ̀tẹ̀ ni. Àwọn ará ìlú méjìlá tí ó jókòó ṣe ìdájọ́, tí a ń pè ní júrì, ní àwọn kò rí ọ̀tẹ̀ kankan nínú rẹ̀, wọ́n sì dá wọn sílẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, ọba fúnra rẹ̀ ti sá lọ sí ilẹ̀ Faransé. Ní 1695, òfin tí ó ní kí a kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ kí a tó tẹ ìwé jáde kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò sì jí i dìde mọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni òfin ọ̀rọ̀ ọ̀tẹ̀ pẹ̀lú rọ̀ lọ́dọ̀ wọn, títí ó fi di pé a kò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi àfi bí ó bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ òun dá ìjà tàbí rúkèrúdò sílẹ̀.

Nísinsìnyí a wá dé ilé. Ní 1859 ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròhìn jáde ní Abẹ́òkúta, fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá. Kò pẹ́ tí ẹ̀rù ìwé ìròhìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í ba àwọn aláṣẹ. Ní 1862, ọdún kan péré lẹ́yìn tí wọ́n gba Èkó, Gómìnà Freeman ti ń wá ọ̀nà láti bu owó orí lé ìwé ìròhìn nígbà tí ó gbọ́ pé Robert Campbell fẹ́ dá ọ̀kan sílẹ̀. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀n kò gbà fún un, Anglo-African ti Campbell sì jáde ní 1863. Ní 1903, nígbà tí MacGregor jẹ́ gómìnà, wọ́n ṣe òfin pé ẹni tí ó bá fẹ́ tẹ ìwé ìròhìn gbọ́dọ̀ fi orúkọ sílẹ̀, kí ó sì fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn £250 pẹ̀lú onígbọ̀wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tí £250 jẹ́ ní ayé àwọn bàbá wa yóò mọ̀ pé ìlẹ̀kùn ni wọ́n fi owó náà kàn.

Ṣùgbọ́n òfin 1909 ni ìyá gbogbo wọn. Ọ̀ràn owó omi ti dá wàhálà sílẹ̀ ní Èkó ní 1908, àwọn ìwé ìròhìn kò sì dákẹ́. Gómìnà Egerton mú òfin ọ̀rọ̀ ọ̀tẹ̀ wá sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Wọn kò mú un wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ó ti rọ̀. Láti Íńdíà ni wọ́n ti mú un wá, níbi tí ó ti le, tí wọ́n fi rán Bal Gangadhar Tilak, olóòtú ìwé ìròhìn, ní ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́fà ní Mandalay ní 1908. Ohun tí òfin náà ń bèèrè ni pé: ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ yìí lè mú kí ènìyàn kórìíra ìjọba, tàbí kí ó fi ojú ẹ̀gàn wò ó? Kò bèèrè bóyá òtítọ́ ni.

Ọkùnrin kan wà nínú ìgbìmọ̀ náà, Christopher Sapara Williams, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ẹni àkọ́kọ́ nínú àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tí ó di agbẹjọ́rò. Ó dìde. Ó sọ fún wọn pé ọ̀tẹ̀ irú èyí kò sí nínú ìwà àwọn Yorùbá, kò sì ní àyè nínú ètò ìjọba wọn. Ó ní, bí àwọn tí ó wà lórí oyè lónìí bá tilẹ̀ jẹ́ ènìyàn rere, àwọn onínúfùfù lè dé lọ́la tí yóò máa rí ọ̀tẹ̀ nínú gbogbo àríwísí, tí yóò sì máa rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú gbogbo ìpàdé ará ìlú. Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n sì ṣe òfin náà.

Àwọn onínúfùfù kò pẹ́ kí wọn tó dé. Ní 1916, nígbà ogun ńlá àkọ́kọ́, wọ́n mú James Bright Davies, olóòtú Times of Nigeria, àgbà ọkùnrin tí ó ti ń ṣe iṣẹ́ ìwé ìròhìn tipẹ́tipẹ́, nítorí ohun tí ó kọ nípa ìjọba Lugard. £100 ni wọ́n bù lé e ní ìgbà àkọ́kọ́. Kò dákẹ́. Kí ọdún náà tó tán, wọ́n fi í sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ní ọdún náà kan náà ni wọ́n kó òfin 1909 sínú Ìwé Òfin Ọ̀daràn, ibẹ̀ ni ó sì ti di ohun tí gbogbo Nàìjíríà ń jẹ nínú rẹ̀.

Ní 1928 ni ó kan Herbert Macaulay. Ẹ rántí pé wọ́n ti yọ Ẹlẹ́kọ̀ọ́ Èṣùgbàyí lóyè ní 1925, wọ́n sì ti lé e lọ sí Ọ̀yọ́. Lagos Daily News, ìwé ìròhìn Macaulay, tẹ ìròhìn kan jáde pé àwọn kan ń gbìmọ̀ láti pa Ẹlẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ni Macaulay gbà, wọn kò sì fún un ní àyè láti san owó dípò rẹ̀. A kò ní gbè é ju bí ó ti yẹ lọ: àhesọ ni ó tẹ̀ jáde, àhesọ sì lè dá iná sí ìlú. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó tẹ̀lé e. Ní 1931, ẹjọ́ Ẹlẹ́kọ̀ọ́ dé ọ̀dọ̀ Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀n, ilé ẹjọ́ ìkẹyìn ní ayé ìgbà náà. Lord Atkin sọ níbẹ̀ pé kò sí ìjòyè ìjọba kankan tí ó lè fi ọwọ́ kan òmìnira ènìyàn, bí kò ṣe pé ó lè fi hàn níwájú adájọ́ pé òfin fún òun ní àṣẹ bẹ́ẹ̀. Èṣùgbàyí padà sí Èkó ní ọdún náà. Ohun tí àwọn ará Èkó ti ń kígbe lé lórí, tí a pe ariwo rẹ̀ ní ìdíwọ́ fún ìjọba, Lọ́ńdọ̀n fúnra rẹ̀ ni ó wá fi hàn pé ẹjọ́ wà níbẹ̀.

A bẹ̀ yín, ẹ fi ara balẹ̀ gbọ́ èyí tí ó kàn, nítorí pé òun ni ó dùn wá jù nínú gbogbo ìtàn yìí. Ní 1936, ní Accra, ìwé ìròhìn African Morning Post tẹ ọ̀rọ̀ kan jáde tí ó bèèrè bóyá aláwọ̀ dúdú ní Ọlọ́run. I. T. A. Wallace-Johnson, ọmọ Sàró, ni ó kọ ọ́. Nnamdi Azikiwe ni olóòtú ìwé ìròhìn náà. Wọ́n dá àwọn méjèèjì lẹ́bi ọ̀rọ̀ ọ̀tẹ̀. Azikiwe bọ́ ní ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní 1937, nítorí pé wọn kò lè fi hàn dáadáa pé òun ni olóòtú ní ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà jáde. Wallace-Johnson gbé ẹjọ́ tirẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀n. Àwíjàre rẹ̀ ni pé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a kì í dá ènìyàn lẹ́bi ọ̀rọ̀ ọ̀tẹ̀ bí kò bá rọ ẹnikẹ́ni sí ìjà. Òun kò sì rọ ẹnikẹ́ni. Ní ìparí 1939 ni Ìgbìmọ̀ Ọba dá a lóhùn. Wọ́n ní òfin Gold Coast kò bèèrè ìjà. Wọ́n ní kí a ka òfin náà gẹ́gẹ́ bí a ti kọ ọ́, kí a má ṣe mú òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá túmọ̀ rẹ̀. Ó pàdánù.

Ní 1947, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n mú olóòtú ìwé ìròhìn kan, James Caunt, nítorí ọ̀rọ̀ burúkú tí ó kọ nípa àwọn Júù, ọ̀rọ̀ tí ó burú gan-an, tí àwa kò lè tún sọ lórí pẹpẹ yìí. Adájọ́ Birkett ṣàlàyé fún àwọn júrì pé àfi bí ó bá fẹ́ dá rúkèrúdò sílẹ̀ ni ẹ̀bi fi lè wà. Wọ́n dá a sílẹ̀.

Ọba kan náà ni. Adé kan náà ni. Ẹni tí ó bú aláìlágbára ní ilé ọba lọ ní òmìnira. Ẹni tí ó bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ alágbára ní ilẹ̀ tí wọ́n fi ogun gbà jẹ̀bi. Òfin tí ìwé àbá wa fẹ́ kí a bèèrè fún ni èyí kejì yìí, èyí tí onílé kò jẹ́ kí ọmọ tirẹ̀ jẹ nínú rẹ̀.

Ẹ lè wí pé àwọn òyìnbó ti lọ. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n wọn kò mú òfin náà dání lọ, àwa náà kò sì jù ú sẹ́yìn wọn. Ìwé òfin òmìnira wa ní 1960 fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti sọ èrò ọkàn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní òfin lè dí ẹ̀tọ́ náà kù bí ìdíkù náà bá bọ́gbọ́n mu ní àwùjọ olóṣèlú tiwa-n-tiwa. Gbólóhùn kékeré yìí, bí ó bá bọ́gbọ́n mu, ni ó gbé gbogbo ẹrù náà. Ta ni yóò sọ ohun tí ó bọ́gbọ́n mu? Ní 1961, ọ̀mọ̀wé ìṣirò nì, Chike Obi, tẹ ìwé pélébé kan jáde tí ó ní ìgbà àwọn tí ń fi ìyà tálákà di ọlọ́rọ̀ kò ní pẹ́ parí, àti pé a kò lè fi ọ̀rọ̀ dídùn tan mẹ̀kúnnù mọ́ nígbà ìbò. Ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ, tí Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá jẹ́ olórí rẹ̀, ní ọ̀rọ̀ ọ̀tẹ̀ ni, òfin àtijọ́ náà sì bọ́gbọ́n mu. Kò tíì pé ọdún kan tí a gba òmìnira. A bọ̀wọ̀ fún Adémọ́lá gẹ́gẹ́ bí a ti bọ̀wọ̀ fún bàbá wa, ṣùgbọ́n a kò rò pé ó ṣe dáadáa ní ọjọ́ náà.

Ó tó ọdún méjìlélógún kí ilé ẹjọ́ mìíràn tó yí i padà. Arthur Nwankwo kọ ìwé kan ní 1982 lórí bí Gómìnà Jim Nwobodo ti ń ṣe àkóso Ìpínlẹ̀ Anambra. Ilé ẹjọ́ gíga ní kí ó lọ fi oṣù méjìlá jura ní ẹ̀wọ̀n. Ní 1983, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Enugu tú u sílẹ̀, wọ́n sì sọ pé òfin ọ̀rọ̀ ọ̀tẹ̀ kò bá ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1979 mu. Adájọ́ Ọlátáwúrà, ọmọ Yorùbá, wà lára àwọn tí ó dá ẹjọ́ náà. Kókó ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé àwa kì í ṣe púrúǹtù àti àgbájọ ènìyàn lásán tí àwọn òyìnbó ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ṣe òfin náà mọ́. Àti pé ẹni tí ó bá fẹ́ jẹ oyè ìlú kí ó mọ́ra láti gba àríwísí, bí wọ́n bá sì ba orúkọ rẹ̀ jẹ́, ọ̀nà ilé ẹjọ́ wà fún un bí ó ti wà fún gbogbo ènìyàn. Àwa rò pé bí Sapara Williams bá gbọ́ èyí nínú ibojì rẹ̀, yóò rẹ́rìn-ín.

Ayọ̀ náà kò pẹ́. Àwọn ológun dé ní òpin 1983, ní 1984 wọ́n sì gbé Òfin Kẹrin jáde láti dáàbò bo àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kúrò lọ́wọ́ ẹ̀sùn èké. Ẹ wo orúkọ dídára tí wọ́n fún un. Nínú òfin náà, ẹni tí a fi ẹ̀sùn kàn ni yóò fi hàn pé òtítọ́ ni òun kọ, kí òtítọ́ náà sì pé ní gbogbo ọ̀nà. Wọ́n fi Túndé Thompson àti Nduka Irabor, akọ̀ròyìn The Guardian, sí ẹ̀wọ̀n ọdún kan nítorí ìròhìn lórí àwọn tí ìjọba fẹ́ rán lọ ṣe aṣojú wa ní òkè òkun, wọ́n sì bu ₦50,000 lé ilé iṣẹ́ náà. Ìjọba tí ó gba ipò wọn ní 1985 ni ó pa òfin náà rẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé òkú ni a ń hú. Ní 2006, lábẹ́ ìjọba tí a fi ìbò yàn, wọ́n tún gbé akọ̀ròyìn méjì lọ sí ilé ẹjọ́ fún ọ̀rọ̀ ọ̀tẹ̀, nítorí pé wọ́n sọ pé ọkọ̀ òfúrufú tí a rà fún ààrẹ kì í ṣe tuntun. Ní 2015 ni a ṣe òfin lórí ìwà ọ̀daràn inú kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì. Ìpín 24 rẹ̀ ní ẹni tí ó bá fi ọ̀rọ̀ tí ó mọ̀ sí èké ránṣẹ́ láti mú ẹlòmíràn bínú tàbí láti bú u lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta jura tàbí kí ó san ₦7,000,000. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ akọ̀ròyìn ni wọ́n fi ìpín náà mú, títí ilé ẹjọ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fi pàṣẹ ní 2022 pé kí Nàìjíríà tún un ṣe. Ní 2024 a tún un ṣe: mímú ènìyàn bínú àti bíbú ènìyàn kúrò nínú rẹ̀. Irọ́ tí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ pa láti da ìlú rú tàbí láti fi ẹ̀mí ẹlòmíràn sínú ewu ni ó kù. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? Ní 2009 ni ilé aṣòfin wọn pa òfin ọ̀rọ̀ ọ̀tẹ̀ tiwọn rẹ́ pátápátá, ní ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé lẹ́yìn tí wọ́n gbé tiwa wá sí Èkó. Tiwa ṣì wà nínú Ìwé Òfin Ọ̀daràn ìjọba àpapọ̀, ní ìpín 50 sí 52, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ lọ kà á.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ̀rọ̀ kan nípa ara wa, kí ó má baà dà bí ẹni pé òkúta ni a ń jù láti orí àjà. Ní ọjọ́ kan, nígbà tí irun wa ṣì dúdú, tí a jẹ́ igbákejì ọ̀gá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí a ń kọ́ lẹ ìwé mọ́ ògiri yàrá ìjẹun. Ó kọ iye iṣu tí a sọ pé a rà. Ó kọ iye tí òun fúnra rẹ̀ kà nínú àká. Ó sì fi kún un pé ọ̀bọ ni ẹni tí ń ṣe àbójútó oúnjẹ. A fa ìwé náà ya. A pe ọmọ náà. A kò bi í léèrè pé, òtítọ́ ni bí? Ohun tí ó jáde ní ẹnu wa ni pé, ta ni ó fún ọ lẹ́nu? Ọ̀sẹ̀ méjì ni ó fi gé koríko nínú oòrùn. Nígbà tí àwọn olùyẹ̀wò owó dé ní òpin ọdún, iye tí ọmọ náà kọ ni wọ́n bá. A ránṣẹ́ pè é, a sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ tí a lè bí. Ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní, “Ẹ má bínú, sà. Ìṣirò mi ni mo fi yangàn. Kò yẹ kí n pe bàbá náà ní ọ̀bọ.”

Ọmọ náà ya èébú kúrò lára ìbéèrè, ohun tí àwa tí a kàwé jù ú lọ kò lè ṣe. Òfin 1909 kò lè ṣe é, Òfin Kẹrin kò lè ṣe é, ìwé àbá tí ó wà níwájú wa kò sì lè ṣe é. Kódà Ìwé Òfin Ọ̀daràn àwọn òyìnbó fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fi ọkàn rere tọ́ka sí àṣìṣe ìjọba. Ìwé àbá tiwa kò fi àyè kankan sílẹ̀.

Ẹ̀yin ìjòyè wa, a kò sọ pé kí a máa bú yín. Orúkọ ẹni ni ohun ìní ẹni, òfin sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a bá pa irọ́ mọ́ lè pe ẹni tí ó pa á ní ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́, kí adájọ́ sì bu owó lé e; bí ó bá jẹ́ òtítọ́ ni olùjẹ́jọ́ sọ, tí ó sì fi hàn bẹ́ẹ̀, ẹjọ́ parí. Ẹni tí ó bá ní kí a lọ sun ilé ìjòyè, òfin ti wà fún un láti ọjọ́ tí ó ti pẹ́. Kí ni ó wá kù tí a tún fẹ́ fi òfin mú? Bí a bá mú irọ́ kúrò, tí a mú ìjà kúrò, ohun tí ó kù ni ọ̀rọ̀ òtítọ́ tí ó ń dun ni. Nátánì kò gba ìwé àṣẹ kí ó tó lọ bá Dáfídì.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa ni pé kí a pa gbólóhùn tí ó sọ̀rọ̀ nípa ìkórìíra àti ẹ̀gàn rẹ́ nínú ìwé àbá náà. Bí a bá sì pa á rẹ́, kò sí ohun tí ó ṣẹ́ kù láti gbé lọ bá ilé aṣòfin. Kí a pe àwọn ọ̀dọ́ náà, kí a bá wọn wí nítorí èébú wọn bí bàbá ti ń bá ọmọ wí, kí àwọn náà sì tọrọ àforíjì. Lẹ́yìn èyí, ní ìpàdé oṣù tí ń bọ̀, ní ojú gbogbo wọn àti ní ojú gbogbo wa, kí akápò ka ìwé owó ilẹ̀ ọjà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: iye tí ó wọlé, iye tí ó jáde, àti ọwọ́ ẹni tí ó gbà á.

Ìwé àbá náà wà lórí tábìlì akọ̀wé lọ́hùn-ún. Àyè ìfọwọ́sí mẹ́tàlá ni ó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mọ́kànlá ti kún. Tiwa jẹ́ ọ̀kan nínú méjì tí ó ṣófo.